Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣírò wákàtí bàálù láti Èkó dé London (àti New York)

Ẹ ṣí Google Earth lórí fóònù, ẹ fi rúlà inú ẹ̀ fa ìlà láti pápákọ̀ Ìkẹjà dé Heathrow, pápákọ̀ London, á gbé nǹkan bíi 5,000 kìlómítà jáde. Tí dátà bá ti tán, ẹ wá gílóòbù táwọn ọmọ fi ń kàwé, ẹ na òwú láti Èkó dé London, ẹ gé e, ẹ wá fi wọn ìbàdí gílóòbù yẹn. Bí ìgbà mẹ́jọ ló máa gbà kó tó yí i ká, àyíká ayé sì jẹ́ bíi 40,000 kìlómítà, ẹ fi mẹ́jọ pín in, 5,000 náà ni. Máàpù ara ògiri ò dáa fún un o, ó máa ń fẹ apá òkè lójú ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi kì í tiẹ̀ wọn nǹkan kan. Èkó wà ní bíi dígírì 6 àtààbọ̀ sókè ìlà agbedeméjì ayé (equator), London wà ní 51 àtààbọ̀, àríwá gbọnrangandan ni bàálù sì ń kọjú sí. Dígírì 45, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 111, ó di 4,995. (Ẹ má dán ìyẹn wò fún New York o, tiẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an.)

Bàálù ńlá ń sá bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín kìlómítà yẹn, ẹ fi ìṣẹ́jú 45 kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Wákàtí mẹ́fà lé díẹ̀.

Aago orí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń da gbogbo èèyàn láàmú. Ibi tẹ́ ẹ ti gbéra, aago ibẹ̀ ni wọ́n kọ, ibi tẹ́ ẹ máa balẹ̀, aago tọ̀hún ni wọ́n kọ. Àbúrò mi kan rí i nínú oṣù January pé òun á gbéra l'Ékòó láago mọ́kànlá alẹ́, òun á dé New York láago mẹ́rin ìdájí, ló bá ń yọ̀ pé wákàtí márùn-ún péré, àfi bí ẹni ń lọ sí Ìlọrin. Mo ní kó jókòó. Nígbà òtútù New York fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa, aago mẹ́rin wọn yẹn, mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Wákàtí mọ́kànlá gbáko!

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yí aago méjèèjì sí ti Nàìjíríà kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun. Bírò àti bébà ni o, ẹ má fi orí ṣe é.

Ẹ tún ṣọ́ra, àwa kì í yí aago, àwọn Òyìnbó ń yí tiwọn. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn nínú March dé Sunday tó gbẹ̀yìn nínú October, aago kan náà làwa àti London ń lò, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Amẹ́ríkà ti máa ń yí tiẹ̀ láti Sunday kejì nínú March, ó di wákàtí márùn-ún láàárín àwa àti New York nígbà tí London ò tíì mira.

Ẹ má fi ti àlọ ṣírò àbọ̀ o. Atẹ́gùn òkè máa ń ti bàálù lẹ́yìn láti Amẹ́ríkà bọ̀, ó lè fi bíi wákàtí kan yá. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì gba Addis Ababa tàbí Istanbul, ẹ yọ wákàtí tẹ́ ẹ máa fi jókòó níbẹ̀ kúrò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ gbé èèyàn ni, ìmigiréṣọ̀n àti báàgì ń bẹ níwájú. Èmi kì í jáde nílé l'Ágége títí Flightradar24, áàpù tó ń fi ibi tí bàálù dé hàn, á fi sọ fún mi pé ó ti balẹ̀.