Bí ẹgbẹ́ ṣe lè fi ẹni tó ní Down syndrome sínú ìgbìmọ̀ olùdarí, kí ohùn rẹ̀ sì já mọ́ nǹkan níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò àbímọ́ni tó máa ń mú kí ènìyàn pẹ́ kí ó tó kọ́ nǹkan, ló jẹ́ pé òbí, dókítà, olùkọ́ àti àwọn tó ń fi owó ṣàánú nìkan ló wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí wọn. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn àyàfi ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, tí í ṣe Ọjọ́ Down Syndrome Lágbàáyé, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ẹgbẹ́ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tó bá fẹ́ yí èyí padà kò nílò owó ńlá, ṣùgbọ́n ó nílò ìmúrasílẹ̀ gidi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá òfin gbà á. Òfin gbà á. Òfin ọdún 2020 tí Corporate Affairs Commission fi ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ sọ irú ẹni tí kò lè jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ (trustee): lára wọn ni ọmọdé, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kéde pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Òfin náà kò ka Down syndrome mọ́ wọn, ìwé tí dókítà kọ kò sì rọ́pò ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2010 ni Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, òfin orílẹ̀-èdè wa tó sì ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ di òfin nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019. Nítorí náà, bí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá ní gbólóhùn kan tó ń dènà wọn, ẹ kọ́kọ́ tún gbólóhùn náà ṣe.

Ẹ yan ènìyàn méjì, kì í ṣe ẹnì kan, nítorí ẹni tó dá wà láàárín àgbà mẹ́sàn-án yóò máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ẹ wá ẹni tó lè sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan, tí kò sì ní yí i padà nítorí pé ojú ènìyàn le. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi bóyá ó fẹ́, kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí ó sì wá wo ìpàdé kan kí ó tó dáhùn.

Ọ̀nà tí a ń gbà pe ènìyàn ṣe pàtàkì púpọ̀ láàárín wa. Ẹni tó ní Down syndrome lè ti pé ọmọ ọdún 35, kí akọ̀wé ọmọ ọdún 26 ṣì máa pè é ní “ọmọ yìí”, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ láìlo “ẹ”. Ní Ifẹ̀ níbí, láti ayébáyé ni a ti ń pe àfín àti abuké ní ẹni òrìṣà, tí a sì ń sọ pé ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ìgbìmọ̀ nílò ni ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà àti ìbò tí a ń kà. Bí ẹ bá ń pe ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní Ọ̀gbẹ́ni tàbí Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pe òun náà, kí alága sì fi èyí lélẹ̀ láti ìpàdé àkọ́kọ́.

Lójú tèmi, èdè ìpàdé ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ìlú yunifásítì bíi Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí a fi Yorùbá tọ́ nílé lè lóye ọ̀rọ̀ nípa owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yékéyéké, kí ọ̀rọ̀ kan náà sì di ariwo létí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé sọ ọ́. Ẹ fi Yorùbá ṣe ìpàdé. Bí àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ lówó bá fẹ́ àkọsílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé lè túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Iléṣà, bí ó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ló mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí ó fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló tẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní Down syndrome fojú rí máa ń dúró lọ́kàn wọn ju ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbọ́ràn dáadáa nítorí omi tó máa ń gbá jọ sínú etí. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, ẹ fi ìwé ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ru èrò kan ṣoṣo, kí àwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, kí akọ̀wé sọ ọ́ sórí WhatsApp, kí ó lè máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níbi tó jìnnà sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ní ọ̀kánkán alága.

Ìṣirò owó ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, síbẹ̀ kò yẹ kí ẹ yọ ọmọ ìgbìmọ̀ tó ní Down syndrome kúrò níbẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ ní ₦600,000, tí ẹnì kan sì dábàá pé kí wọ́n ná ₦450,000 sórí àpèjẹ ọjọ́ kan. Ẹ to káàdì mẹ́fà sórí tábìlì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ₦100,000, kí ẹ wá mú mẹ́rin àti ààbọ̀ kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó rí káàdì kan àti ààbọ̀ tó kù lè béèrè ohun tí a ó fi san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ ní oṣù tó ń bọ̀, ìbéèrè tí ìwé akápò kò sì jẹ́ kí àwọn yòókù rí nìyẹn.

Kí ọmọ ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, ó sì sàn kí ó má ṣe jẹ́ òbí rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ yìí lè ṣàlàyé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dá ìpàdé dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dìbò, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í. Alága náà ní láti kọ́ bí a ṣe ń dúró de ènìyàn. “Ṣé ó yé yín?” kò wúlò, nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ béèrè pé, “Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí a ṣe?” kí gbogbo ilé sì dákẹ́ títí tí yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà ìdìbò, kí gbogbo ènìyàn gbé káàdì aláwọ̀ ewé tàbí pupa sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú alága kí ó tó pinnu.

Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹ ti ń san ti àwọn yòókù, kí ẹ má sì ṣe ìpàdé ní alẹ́.

Yóò ṣẹlẹ̀ pé ìbò rẹ̀ kò borí. Ẹ má ṣe yí ìpinnu padà nítorí àánú. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ èrò rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí sáà rẹ̀ bá sì ń lọ sópin, ẹ ní kí ó bá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ jókòó ní ìpàdé méjì tó gbẹ̀yìn, kí ó lè fi bí a ṣe ń ka ìwé náà àti bí a ṣe ń gbé káàdì hàn án.