Bí Mo Ṣe Tún Ojú Gòólù àti Ìlà Pápá Ìṣeré Wa Ṣe

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò wa ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìtọ́jú pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Téèpù ni mo kọ́kọ́ mú lọ síbẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù sọ pé láti ilẹ̀ dé abẹ́ igi ìdábùú gòólù gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 2.44, kí àlàfo àárín òpó méjèèjì sì jẹ́ mítà 7.32. Ní gòólù tí ó kọjú sí ilé ìdáná, mítà 2.57 ni mo bá. Kò sí ẹni tí ó gbé òpó náà ga; ẹsẹ̀ àwọn aṣọ́lé ni ó ti gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí àgbàrá sì ń wọ́ erùpẹ̀ náà lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé gbogbo ọmọ tí ó ti fò sókè níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti bá wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da yanrìn sínú kòtò náà, kí ó parí. Mo kọ̀, nítorí pé amọ̀ ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi kì í sì í tètè mu sínú amọ̀. Bí òjò méjì bá rọ̀, yóò di ẹrẹ̀ padà. Mo kọ́kọ́ gbẹ́ yàrà tóóró láti ẹ̀yìn gòólù dé gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo jẹ́ kí ó máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo sì da yanrìn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo ẹrẹ̀ inú kòtò kúrò, tí mo po ilẹ̀dú mọ́ yanrìn, tí mo ń dà á sí i ní ìpele-ìpele, tí a sì ń gún ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí a tó da òmíràn lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó fún kóríko bàhámà láti ti ibi ẹ̀ka tí a rì mọ́lẹ̀ bo ojú gòólù, nítorí náà mo gé kóríko pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn pápá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, mo tò ó pa pọ̀ bí ẹní, a sì ń bomi rin ín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ráhùn pé mo lé wọn kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé àwọn gòólù kékeré kalẹ̀ sí ìbú pápá fún ìdánrawò wọn.

Ní ti kóríko tó kù, mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìlà ni ó gba ọgbọ́n jù. Ojú lásán ni wọ́n fi ń fà á tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo sì na okùn láti igun kan gba àárín pápá dé igun òdìkejì, lọ́nà méjèèjì tí ó yẹ kí ó gùn dọ́gba, ọ̀kan fi ohun tó ju mítà kan lọ gùn ju èkejì. Bàbá bíríkìlà kan tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, bí a ṣe ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ náà ni. Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi hàn mí.” A wọn mítà 9 lórí ìlà kan, mítà 12 lórí èkejì, a sì ń sún èèkàn títí okùn tó so orí méjèèjì pọ̀ fi jẹ́ mítà 15 géérégé. Igun náà ti gún nìyẹn. Pápá wa jẹ́ mítà 100 ní gígùn àti 64 ní ìbú, nítorí náà okùn láti igun sí igun òdìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 118.73, a kò sì fi í sílẹ̀ títí méjèèjì fi bá a mu.

Láìmù tí wọ́n fi ń kun ilé ni mo bá ní ilé ìkẹ́rùsí fún ìlà. Mo kó o kúrò, nítorí pé ó máa ń jó awọ ara, ó sì léwu fún ojú ọmọ tó bá ṣubú lé e. Ọ̀dà funfun tí a ń fi omi pò ni mo lò, mo sì jẹ́ kí ìlà ojú gòólù fẹ̀ tó òpó rẹ̀ gan-an.

Òjò rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ìdíje. Mo dé pápá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Omi ń ṣàn wọ inú gọ́tà, ojú gòólù sì tutù ṣùgbọ́n omi kò dúró sí i. Mo na téèpù: mítà 2.45. Erùpẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ti báró ilẹ̀dú kan wá, mo fi ràkì tẹ́ ẹ sáàárín kóríko, mo sì tún un wọ̀n kí rẹfirí tó dé.