Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ nígbà tí Odídẹrẹ́ Bá Ń Ṣọ́ Àgò Rẹ̀

Odídẹrẹ́ tí ó ń fi orí ra olówó rẹ̀ lọ́rùn nígbà tí ó bá wà ní èjìká rẹ̀ lè gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, bí ó bá ti ọwọ́ bọ inú àgò láti pààrọ̀ omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa pe èyí ní ìwà ìkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igbó, ihò ara igi ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí, ó sì gbọ́dọ̀ lè lé àlejò kúrò lẹ́nu ihò náà kí ó tó lè tọ́ ọmọ. Nínú ilé wa, àgò ni ó rọ́pò ihò yẹn.

Àṣìṣe tí mo rò pé ó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni kí á máa fi agbára gbé e jáde. Àwọn kan a wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, àwọn mìíràn a fi aṣọ ìnura bò ó mọ́lẹ̀. Ẹyẹ náà yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ ni pé ọwọ́ èèyàn jẹ́ ohun ẹ̀rù, tí ó yẹ kí òun tètè gé jẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Èmi náà ti ṣe é rí, ó sì pẹ́ gan-an kí odídẹrẹ́ mi tó tún fọkàn tán mi.

Ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn àgò, kí ẹ sì dúró níta. Ẹ fi ọ̀pá tín-ínrín kan hàn án. Bí ó bá ti fi àgógó kan orí ọ̀pá náà, ẹ fún un ní hóró kan nínú oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pá yẹn yóò fi máa fà á wá sí ẹnu ilẹ̀kùn, títí yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá bà lé igi tí ẹ gbé síta dè é. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti tó lẹ́ẹ̀kan.

Odídẹrẹ́ kì í sábà géni jẹ láìkìlọ̀. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yóò dìde, yóò tẹ̀ síwájú, yóò tan ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ yóò sì máa fẹ̀, yóò máa sún kì léraléra. Ẹni tí ó rí gbogbo èyí tí ó sì ń ti ọwọ́ síwájú ń kọ́ ẹyẹ náà pé ìkìlọ̀ kò wúlò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa gé e láìfi àmì kankan hàn. Ẹ dúró níbi tí ẹ dé, kí ẹ sì rọra fa ọwọ́ sẹ́yìn kí ó tó gé yín.

Ẹ má ṣe kígbe mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe lu àgò.

Ẹ má ṣe tún àgò ṣe nígbà tí ẹyẹ bá wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí yàrá mìíràn, kí ó má baà máa wo bí ẹ ti ń tú ilé rẹ̀. Bí àgò bá ní ilẹ̀kùn kékeré tí a lè gbà pààrọ̀ ife omi láti ìta, ẹ máa lò ó.

Àṣìṣe kan wà tí ó ń wá ní àwọ̀ ìfẹ́. A ń fi àpótí kékeré tàbí aṣọ tí ó lè sá pamọ́ sí sínú àgò, a sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn àti lábẹ́ ìyẹ́ apá, láìmọ̀ pé ìwọ̀nyí ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò àti yé ẹyin ti dé. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ yóò túbọ̀ máa jà fún àgò rẹ̀. Ẹ kó ibi ìsápamọ́ kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ pa á ní orí àti ọrùn nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn fún wákàtí 10 sí 12 lóru nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ tí kò bínú rí bá ṣàdédé ń gé èèyàn jẹ, ẹ má ṣe tètè kà á sí ìwà. Odídẹrẹ́ mọ bí a ti ń fi àìsàn pamọ́, ìrora sì lè mú kí ó kọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà ẹranko tí ó mọ̀ nípa ẹyẹ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀.