Bí a ṣe ka ọkọ̀ apẹja lórí adágún odò Kainji

Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún wa kò ju ojú ewé kan lọ. Kí a ka gbogbo ọkọ̀ tó ń pẹja ní apá tiwa lára adágún odò Kainji, kí a kọ àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè tí apẹja kọ̀ọ̀kan ní, kí a sì kó èsì wá sí New Bussa. Lójú ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì, iṣẹ́ kékeré ni. Adágún ọ̀hún gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 135, apá kan rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Niger, apá kan wà ní Kebbi, ọ̀pọ̀ àgọ́ apẹja sì wà níbi tí ọ̀kadà pàápàá kò lè dé. Nígbà tí wọ́n sé Odò Ọya ní Kainji láàrin 1964 sí 1968, omi bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ wá sí New Bussa, ìlú tuntun tí èmi ọmọ Ṣakí ń gbé yìí. Apẹja wá ń rọ́ dé láti ibi gbogbo. Hausa wà níbẹ̀, Sarkawa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Nupe àti Gungawa tí omi gba erékùṣù wọn.

Kí a tó gbéra ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Èwo là ń pè ní ọkọ̀ apẹja? Ọkọ̀ kan wà tó ń kó èrò àti àlùbọ́sà lọ́jọ́ ọjà, tó bá di ọjọ́ kejì, olówó rẹ̀ á kó àwọ̀n sínú rẹ̀. Òmíràn ti jo, wọ́n dojú rẹ̀ dé sétí omi, wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe. Apẹja kan sì wà tí kò ní ọkọ̀ rárá, etí omi ló ń dẹ ìwọ̀ sí. A fẹnu kò pé ọkọ̀ tó bá lọ sójú ẹja láàrin oṣù tó kọjá la máa kà, ìbáà jókòó sí èbúté lónìí. Ọkọ̀ ẹrù nìkan gba ìwé tirẹ̀, ẹni tí kò ní ọkọ̀ náà gba tirẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Bí ẹni méjì bá lọ sí èbúté kan náà láìjọ sọ ọ́, iye méjì ni wọ́n máa mú bọ̀, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Omi náà ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó máa ń kún lọ́dún: omi òjò tiwa níbí, tó pọ́n tó sì dọ̀tí, ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà, nígbà ọyẹ́, omi tó ti òkè Guinea rìn wá á wọlé, ó mọ́ kedere. Kó tó di oṣù keje, omi ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, etí omi á sún sẹ́yìn, àgọ́ apẹja á sì tẹ̀ lé e. Bí o bá ka abúlé kan ní oṣù kejì, tí o wá ka èkejì ní oṣù kẹfà, ọkùnrin kan náà lè kí ọ káàbọ̀ níbi méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ikọ̀ fi jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì ń fi ọ̀dà sàmì sí imú ọkọ̀ tí a bá ti kà. Láwọn àgọ́ tí ọ̀rọ̀ ààbò kò jẹ́ ká dé, fóònù la fi bá olórí wọn sọ̀rọ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu la fi gbọ́ ti ibẹ̀, ojú wa kò tó o.

Ọ̀dọ̀ Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja, la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Láìsí àṣẹ rẹ̀, ọmọdé pàápàá kò ní dá ọ lóhùn. Ìbéèrè tí a sì ń bá pàdé ni pé ṣé owó orí ni ìjọba tún fẹ́ gbà. Ọkọ̀ kò ṣe é fi pa mọ́, àmọ́ àwọ̀n ń bẹ nínú yàrá, lábẹ́ ẹní. Èyí tí wọ́n ń pa mọ́ jù lọ ni àwọ̀n olójú wínníwínní, pàápàá àwọ̀n ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń fà wá sí etí omi. Láti ìgbà ètò ẹja tí Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe lórí adágún yìí láàrin 1993 sí 2001 ni wọ́n ti ń bá àwọ̀n náà jà, torí ó ń kó ọmọ ẹja pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún àlejò oníwèé pé òun ní in?

Nínú ọjà la ti rí ìdáhùn. Ìyá kan wà tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Ìbàdàn, ó ti pẹ́ lẹ́nu òwò náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní kò sí àwọ̀n fífà ní èbúté tí ẹ ti ń rajà." Ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí abọ́ ẹja tíńtìntín tó wà níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí dìde fúnra wọn wá bá mi ni?"

Ọwọ́ àwọn ìyá báyìí ni ìwé gidi wà, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ló ń yá apẹja lówó àwọ̀n, ẹja ni wọ́n sì ń gbà padà. Wọ́n mọ ẹni tó gba ìdì àwọ̀n mẹ́ta, wọ́n mọ ẹni tí tirẹ̀ ti ya. A ṣèlérí pé a ò ní kọ orúkọ oníbàárà kankan, a sì mú un ṣẹ: iye àwọ̀n abúlé lápapọ̀ la kọ.

Kíkà nìkan kò sọ iye ẹja. Nítorí náà, a yan èbúté díẹ̀, a ń gbé òṣùwọ̀n lọ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ojú omi bọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní abúlé kan ní ogójì ọkọ̀, tí mẹ́rìnlélógún jáde lónìí, tí èyí tí a wọ̀n nínú wọn sì pa kílò mẹ́fà mẹ́fà, kílò 144 nìyẹn fún ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fi ogójì sọ kílò mẹ́fà di púpọ̀ ti fún ìjọba ní ẹja tó ṣì wà nínú omi.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, iye ọkọ̀ ni ọ̀gá fẹ́ kó ṣáájú nínú àbọ̀ náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ kọ́ ló ń pẹja." Ọkọ̀ méjì lè jọra, kí ọ̀kan kó ìdì àwọ̀n kan, kí èkejì kó mẹ́wàá. Bí a bá fẹ́ fún èèyàn ní ìwé àṣẹ ẹja pípa, tàbí kí a dín wàhálà tó wà lórí omi kù, iye àwọ̀n àti bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ó jà díẹ̀, ó gbà. Àwọ̀n ló ṣáájú nínú àbọ̀ náà, ọkọ̀ tẹ̀ lé e.

A kà á fún àwọn Sarkin Ruwa ní èdè Hausa kí ó tó lọ sókè. Wọn ò bá wa jiyàn lórí ọkọ̀. Iye ìgèrè ni ọ̀kan nínú wọn ní ó kéré jù, a sì padà lọ sí abúlé rẹ̀ lọ tún un kà.