Igi la fi kọrin igi: bí mo ṣe múra eré alẹ́ kan ní Kétu

Etí ọ̀nà oko bàbá mi ni ìrókò kan wà. Ìdí rẹ̀ la ti ń sinmi bí oòrùn bá mú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ẹ̀rọ gé e láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí n wá kọrin fún wọn ní gbangba, mo ní ọ̀rọ̀ igi yẹn ni màá kọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá onílù kan ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti ń lùlù fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, ó sì ń lu dùndún. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé lọ́dún 2001 yìí, òun la fi ń júbà fún Ìyá Ńlá, ìyá ìṣẹ̀dálẹ̀, lẹ́yìn ìkórè, tàbí nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Lójú àwọn baba wa, orin àti òjò kò jìnnà síra wọn. Èmi kò fẹ́ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí ìtàgé o. Bí olórin ẹ̀fẹ̀ ṣe ń bá ìlú wí tí ìlú sì ń jókòó gbọ́ ọ, ohun tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Èpè ló kún inú orin tí mo kọ́kọ́ kọ. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó gbé ìyáàlù sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ kàn án. Igi kí ni?"

"Ọ̀mọ̀ ni, Bàbá."

"Ìyẹn náà, ta ló gé e?"

Mi ò lè fèsì. Ó ní bàbá òun a máa sọ pé ọ̀mọ̀ tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà ló ń ṣe ìlù tó dáa, torí ó ti gbọ́ ohùn èèyàn pẹ́. Mo wo ojú ìlù náà, awọ ewúrẹ́. Mo wo ọṣán tó so ojú méjèèjì pọ̀, awọ náà ni. Ilé ni mo gbà lọ, mo fa ìwé orin yẹn ya. Orin tuntun tí mo kọ, ìrókò fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bèèrè ni pé ta ni wọ́n gbìn sípò òun.

Ibi tó gba àsìkò jù ni kí ìlù àti ohùn bára mu. Ìlà kan wà níbẹ̀: "Ọkọ̀ ló kó o lọ." Mo ti gbé ohùn sókè lórí "kọ̀", ni dùndún bá ń sọ "ọkọ́", bíi pé ọkọ́ ìroko ló jí igi gbé. Bàbá ní kí n jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ níbẹ̀. Odindi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi tún ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣe, ó sì tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ eré, òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án, awọ ìlù sì dẹ̀. A ṣa ewé gbígbẹ lábẹ́ àjà, a dáná, a fi ojú ìlù yá a díẹ̀díẹ̀. Bàbá ń fi kọ̀ǹgọ́ tọ́ ọ wò, ó ń fetí sí i, ó tún ń dá a padà sẹ́bàá iná. A ò tan jẹnẹrétọ̀. Àtùpà la lò. Bí ìlù ṣe ń dákẹ́ ni a ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ tí òjò jí.

Lẹ́yìn eré, ọkùnrin kan tó ń fẹ̀rọ gégi jẹun wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti ń rí ọmọ ìrókò?" Lọ́jọ́ Àìkú, a gbin mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà. Ọ̀kan ti kú. Kòkòrò ti mú kí ewé ìkejì máa ru kókó. Ẹ̀kẹta ti ga dé orúnkún mi.