Bí a ṣe ń fi kúádíráàtì ka ewéko inú pápá

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àyíká sọ iye ewéko tó wà nínú pápá kan, kò lè kà á tán. Díẹ̀ ló máa bù wò, kúádíráàtì ló sì máa fi bù ú: férémù onígun mẹ́rin tí a fi páìpù oníke tàbí pákó ṣe. Fún koríko àti ewéko kúkúrú, 50 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Inú férémù ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe òde.

Àwọn kan máa ń ju férémù sẹ́yìn, wọ́n láwọn ò yan ibì kankan. Irọ́ ni o, ọwọ́ mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ta téèpù méjì, 20 mítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pàdé bí igun ìwé, kí fóònù wá mú nọ́ńbà fún yín láìṣẹ̀ṣà. Bó bá mú 7 àti 13, ẹ rin mítà 7 lórí téèpù kìíní, kí ẹ yà wọnú pápá, kí ẹ rin mítà 13 ní ìdọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ilé ni kí ẹ ti mú gbogbo nọ́ńbà wá. Ibi tí ẹ bá dé ni kí ẹ gbé férémù lé; bó bá bọ́ sínú ẹ̀gún, inú ẹ̀gún náà lẹ máa kà.

Gbòǹgbò la fi ń mọ èyí tó wà nínú férémù, kì í ṣe ewé tó dà wọlé. Èyí tó hù sórí ìlà ńkọ́? Ẹ ka ti òsì àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ti ọ̀tún àti ti òkè sílẹ̀. Bí ẹ bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye yín á lé. Koríko tó ń fà nílẹ̀ kò ṣeé kà lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ẹ dúró lé e lórí gan-an, kí ẹ wo ìdá mélòó nínú 100 ló bò. Kí ẹni méjì kọ tiwọn lọ́tọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Bí àpapọ̀ ti gbogbo irú ewéko inú férémù kan bá ju 100 lọ, ẹ má gé e: ewé máa ń gorí ara wọn.

Férémù 20 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 5. Bí irú ewéko kan bá jẹ́ 85 nínú wọn, 17 ló wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ibòji ń dín ewéko kù, ẹ wá to férémù 20 sábẹ́ igi kan ṣoṣo. Igi kan lẹ wò yẹn. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ló ṣá, kó má jẹ́ ibòji rárá. Férémù méjì-méjì lábẹ́ igi mẹ́wàá, àti iye kan náà níta gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, bírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tí òjò bá pa. Níbi tí ewéko kan kò bá sí, ẹ kọ 0. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ lófìfo, tó bá di alẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ò ní mọ̀ bóyá kò sí ni, àbí ẹ gbàgbé láti wò ó.