Ọmọ yín ṣe sójà ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba: bí owó ará ilé ṣe lè wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láì ba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́

Bí ọmọ Kétu, Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ti ṣe sójà ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ náà sì fi àìlera sí i lára, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń yà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ irú wọn. Òfin ọdún 1999 ló kọ́kọ́ ní kí ìjọba máa lépa pé kí ìdá 3 nínú 100 owó iṣẹ́ tó ń gbé síta dé ọwọ́ wọn. Òfin 2003 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láṣẹ láti ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kí ilé-iṣẹ́ irú àwọn sójà wọ̀nyí nìkan dù ú láàárín ara wọn. Òfin ìnáwó ológun ti ọdún 2024 sì sọ ìdá 3 náà di 5. Owó ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí sójà-fẹ̀yìntì fi lè pe ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá owó, a jọ máa pín in ni."

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Sójà lè mọ iṣẹ́ dáadáa, kó sì jẹ́ àdéhùn tí ẹ̀yin ará ilé bá a ṣe, tọkàntọkàn, ni yóò gba ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń dá ilé-iṣẹ́ irú yìí mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó yẹ

Ìwé méjì ni ìpìlẹ̀. Èkíní ni ìwé ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní DD 214. Kò gbọdọ̀ fi hàn pé ìtìjú ni wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ni lẹ́tà VA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn sójà-fẹ̀yìntì, tó sọ pé ẹnu iṣẹ́ ológun ni àìlera náà ti wá. Láti 0 dé 100 ni ìdá tí VA ń kọ fún àìlera, gbogbo rẹ̀ ló sì wọlé. Ẹni tí wọ́n kọ 0 fún kò gbọdọ̀ rò pé òun kò tó ẹni tó ń bèèrè.

Ẹni tó ṣe sójà fún Bẹ̀nẹ̀ tàbí fún Faransé kò sí nínú ètò yìí, bó ti wù kí ọgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń kà.

Owó tí ẹ fẹ́ dá

Ó kéré tán, ìdá 51 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà gbọdọ̀ jẹ́ ti sójà tó ní àìlera, ní orúkọ tirẹ̀ gan-an, láìsí "bí" tàbí "àfi" kankan lórí rẹ̀. Ìdá 49 tó kù lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sójà ní dọ́là 10,000 lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ fẹ́ mú 30,000 wá. Bí ìpín bá tẹ̀lé owó, sójà ní ìdá 25, ẹ̀gbọ́n ní 75, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀nà tó mọ́ ni pé kí ẹ̀gbọ́n fi 9,600 ra ìpín; owó ìpín di 19,600, ti sójà sì lé díẹ̀ ní 51. Kí 20,400 tó kù jẹ́ ẹ̀yáwó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn óò san án tán, iye tí wọn óò máa san lóṣooṣù, àti èlé bó bá wà. Ẹ rán owó ìpín lọ́tọ̀, ẹ rán ẹ̀yáwó lọ́tọ̀, kí ìwé báǹkì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Owó tí wọ́n kó pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń fa ìbéèrè tí kò rọrùn láti dáhùn.

Inú ìwé ẹ̀yáwó yìí gan-an ni ewu sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé gbèsè náà lè di ìpín bí wọn kò bá san án lásìkò, SBA (ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí okòwò kéékèèké, tó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí yìí) yóò kà á bíi pé ẹ ti gba ìpín náà láti òní lọ. Ìdá 51 ti fò lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn tí a mọ̀ dáadáa nílé wa, pé ẹni tó dá owó ni yóò kọ́kọ́ máa kó gbogbo èrè títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Kò ṣeé ṣe níbí. Nínú èrè tí wọ́n bá pín lọ́dún, sójà gbọdọ̀ gba ìdá 51, ó kéré tán. Ẹ gba owó yín padà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí ilé-iṣẹ́ ń san, ẹ má fi èrè ṣe é.

Bí gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ ń ná bá sì wá láti ọwọ́ ẹnìkan, débi pé sójà kò lè kọ̀ fún un láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ wó, SBA lè sọ pé ẹni yẹn ni ọ̀gá tòótọ́. Ó dára kí báǹkì tàbí ẹlòmíràn dá sí i.

Ta ló ń pàṣẹ

Ọba kì í pé méjì láàfin. Ipò tó ga jù lọ nínú ilé-iṣẹ́ gbọdọ̀ jẹ́ ti sójà, òun ló sì gbọdọ̀ máa ṣe ìpinnu ojoojúmọ́ àti ti ọjọ́ iwájú. Nínú ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́, ẹ wá gbólóhùn tó bá ní kí gbogbo alábàápín fohùn ṣọ̀kan, tàbí tó ní kí ìpinnu gba ìdá 60 tàbí 75 nínú 100, kí ẹ sì pa á rẹ́. Ó lè wà nínú ìwé tí ẹ rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fiyè sí i. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ńláńlá ni ẹni tí kì í ṣe sójà ti lè ní ẹ̀tọ́ láti dí ọ̀nà: mímú alábàápín tuntun wọlé, títa ilé-iṣẹ́, títú u ká, síso ó pọ̀ mọ́ òmíràn, àti kíkéde pé ó ti wọ gbèsè. Ẹ̀gbọ́n lè fi àwọn wọ̀nyí dáàbò bo owó rẹ̀. Ó tó o.

Owó oṣù ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ju ti sójà lọ, àfi bí ìdí tó ṣeé fi hàn bá wà. Bí sójà bá sì ní iṣẹ́ mìíràn tí kò jẹ́ kó lè wà níbi iṣẹ́ ní wákàtí tí irú iṣẹ́ náà ń ṣí, ìbéèrè yóò dìde.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń retí ọmọ kó padà wálé. Bí sójà bá gba ìwé ẹ̀rí tán, tó wá ń gbé Kétu, tó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, SBA yóò gbà pé kì í ṣe òun ló ń darí rẹ̀ mọ́, nítorí kò gbé ibi tó ti lè máa lọ síbi iṣẹ́ kó sì bọ̀. Ọrùn rẹ̀ ni yóò wà láti fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbẹ̀wò ọdún kò burú. Kíkó wálé pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ. Ti ẹni tí àìlera rẹ̀ le gan-an tí kò sì ní lọ mọ́ yàtọ̀: ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fi ìwé yàn lábẹ́ òfin láti jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀ títí ayé, lè darí ilé-iṣẹ́ náà fún un.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ilé-iṣẹ́ sójà gbọdọ̀ jẹ́ kékeré, bí òfin ṣe fi ààlà sí i fún irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọdọ̀ ní ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ilé-iṣẹ́ òbí, ọmọ, ọkọ, aya tàbí ọmọ ìyá bá ń bá tirẹ̀ ṣòwò, wọ́n lè ka méjèèjì sí ọ̀kan, kí wọ́n ro owó tó ń wọlé pọ̀. Pé ti ẹ̀gbọ́n wà ní Bẹ̀nẹ̀ kò yọ ọ́. Ẹ ní àkọsílẹ̀ owó tó wọlé láàárín ọdún 5 lọ́wọ́, kí ẹ sì fún sójà kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú fọ́ọ̀mù.

Ìwé ẹ̀rí

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023 ni SBA ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ VA. Kí sójà kọ́kọ́ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí SAM.gov, ojúlé tí ìjọba ń lò fún àwọn tó fẹ́ bá a ṣòwò, kó gba nọ́ńbà oníhóró 12 tí wọ́n ń pè ní UEI, lẹ́yìn náà kó lọ sí ojúlé SBA. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí SAM má bàa kú, ẹ má dá a lóhùn. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún orúkọ SAM ṣe, ìwé ẹ̀rí SBA ń lo ọdún 3.

Orúkọ ni ibi tí tiwa ti máa ń dàrú. Ìwé Bẹ̀nẹ̀ ń gbé orúkọ ìdílé ṣíwájú, ti Amẹ́ríkà ń gbé e sẹ́yìn, ẹlòmíràn sì ti gé orúkọ rẹ̀ kúrú lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ẹ rí i pé DD 214, lẹ́tà VA, ìwé owó orí àti SAM bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Iṣẹ́ wíwá

Òṣìṣẹ́ ìjọba lè ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ bó bá retí pé ilé-iṣẹ́ méjì irú èyí, ó kéré tán, yóò dù ú ní iye tó tọ́. Ní VA, dandan ni; ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2016 nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kingdomware. Nítorí náà, kí sójà máa dáhùn ìkéde "sources sought" lórí SAM.gov, níbi tí ìjọba ti ń béèrè ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ kan kó tó gbé e síta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, òṣìṣẹ́ náà kò ní rí ẹni méjì, iṣẹ́ náà á sì lọ sọ́dọ̀ gbogbo ayé.

Iṣẹ́ tí ẹ bá ń bá a ṣe láti ilé, bíi ìṣírò owó tàbí àwòrán ilé, ní ààlà. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ, owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ní irú ìwé ẹ̀rí yìí kò gbọdọ̀ ju ìdajì iye tí ìjọba san. Nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó lè dé ìdá 85.

Kajú Ṣábẹ̀ẹ́ àti òrí ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ rò. Ó dùn wá láti sọ ọ́: lórí iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ọjà gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ kékeré ṣe ní Amẹ́ríkà, àfi bí SBA bá yọ̀ǹda. Kíkó kajú Bẹ̀nẹ̀ sínú ọ̀rá tuntun kò sọ ọ́ di ọjà ibẹ̀.

Bí sójà bá kú

Ẹbí kò lè jókòó pín ìdá 51 bí ogún, kí ẹ̀tọ́ náà sì máa bá a lọ. Ọkọ tàbí aya nìkan ló lè gbà á mú: ọdún 10 bí VA bá ti kọ ìdá 100 fún olóògbé tàbí bí àìlera iṣẹ́ ológun náà ló pa á, ọdún 3 bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ tàbí aya náà bá tún ìgbéyàwó ṣe, tàbí tó tu ìpín náà sílẹ̀, ó parí níbẹ̀. Àyípadà èyíkéyìí nínú ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tàbí ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọdọ̀ dé etí SBA láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó bá dákẹ́, tó ń gba iṣẹ́ nìṣó lórí ẹ̀tọ́ tí kò ní mọ́, ìjọba lè ka gbogbo owó iṣẹ́ náà sí òfò tí ó kó bá a, kó sì bèèrè rẹ̀ padà.